Àwọ̀ wo ni kí a fi kun ẹgbẹ́ ọmọ ogun? Ìfiwéra búlúù, pupa, ìyeyè, funfun àti dúdú lára Space Marines

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra páálí Space Marines àkọ́kọ́ rẹ̀, ìyẹn àwọn ère ike kéékèèké ọmọ ogun tí a ń kùn fún eré orí tábìlì, á kọ́kọ́ wo àwòrán tó wà lójú páálí náà, á rí ọmọ ogun aláwọ̀ búlúù tí kò ní àbàwọ́n kankan, á sì rò pé kò sí ohun tó kù ju kí òun mú àwọ̀ tó wu òun lọ. Àwọ̀ tó wuni ṣe pàtàkì, n kò ní bẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú: èwo nínú àwọn àwọ̀ wọ̀nyí ni ẹ lè kùn sára ọmọ ogun 30, díẹ̀díẹ̀, ní alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, tí ẹni tó gbẹ̀yìn yóò sì jọ ẹni tó ṣáájú? Ẹgbẹ́ tí a kùn tán ní ọ̀nà kan náà, bí kò tilẹ̀ dán tó ti ojú páálí, máa ń wuni lórí tábìlì ju ẹgbẹ́ tí ẹni mẹ́ta inú rẹ̀ rẹwà gidigidi, tí àwọn 27 yòókù ṣì wà ní ìhòòhò ike. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fi ìwà àwọn àwọ̀ wéra, kì í ṣe ẹwà wọn nìkan.

Eré tí mò ń sọ ni Warhammer 40,000, èyí tí ilé-iṣẹ́ Games Workshop, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní ìlú Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní ọdún 1987. Ọmọ ogun Space Marine kọ̀ọ̀kan jẹ́ ère ike tí kò ga tó ìka ọwọ́ ẹni tó kéré jù. Ó dúró lórí pèpele roboto tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 32, ìhámọ́ra ńlá ló sì bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìhámọ́ra yìí ló mú kí àwọ̀ ṣe kókó tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ pọ̀ lára rẹ̀, aṣọ àti irun kò sì pọ̀ tí ojú lè sá lọ bá. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tí a fi ń dá a mọ̀: ti Ultramarines ni búlúù, ti Blood Angels ni pupa, ti Imperial Fists ni ìyeyè, ti White Scars ni funfun, ti Black Templars sì ni dúdú. Òfin eré náà kò de ẹnikẹ́ni mọ́ àwọ̀ kankan, ẹ sì lè dá ẹgbẹ́ tiyín sílẹ̀. Síbẹ̀, àwọn márùn-ún yìí ni màá fi ṣe òṣùwọ̀n, nítorí pé ohunkóhun tí ẹ bá dá sílẹ̀ yóò bá ọ̀kan nínú wọn tan.

Àwọn àgbà wa pín àwọ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: funfun, pupa àti dúdú. Lábẹ́ pupa ni wọ́n kó ìyeyè àti àwọ̀ ọsàn sí, lábẹ́ dúdú sì ni aró àti àwọ̀ ewé tó ki wà. Bí mo ṣe ń kun ère lọ ni mo ń rí i pé ìpín yìí bá ìṣesí ọ̀dà mu gan-an. Ìdílé dúdú máa ń bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì máa ń bo àṣìṣe ẹni pẹ̀lú. Ìdílé pupa kì í fi bẹ́ẹ̀ bo nǹkan, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń pinnu bí yóò ṣe rí. Funfun ń fi gbogbo rẹ̀ hàn. Nítorí náà, ọ̀dà ìpìlẹ̀, ìyẹn èyí tí a ń fín sára ike kí ọ̀dà yòókù lè rí ibi dì mú, jẹ́ ara ìpinnu àwọ̀ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí a ń rà lẹ́yìn tí a bá ti pinnu tán.

Búlúù àti pupa

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé èwo ni kí òun fi bẹ̀rẹ̀, búlúù ni màá dárúkọ, kì í sì í ṣe nítorí pé òun ló wà lójú páálí. Macragge Blue, ọ̀kan lára ọ̀dà Citadel tí Games Workshop fúnra rẹ̀ ń tà, tí wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀ Ultramarines, máa ń bo ọ̀dà ìpìlẹ̀ dúdú pátápátá bí a bá kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, tí a sì fi omi là á títí yóò fi ṣàn bíi mílíìkì. Ìwà aláró ló yẹ kí a kọ́ níbi yìí. Aláró kì í ti aṣọ bọ ìkòkò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó sì retí kó dú. Á tì í bọ̀ ọ́, á yọ ọ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, á tún tì í bọ̀ ọ́, títí aró yóò fi mú bó ṣe fẹ́. Ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tó gbẹ dáadáa sàn ju ọ̀dà kíki kan ṣoṣo lọ, nítorí pé ọ̀dà kíki máa ń di àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó wà lára ìhámọ́ra pa, ìlà tó bá sì ti dí kì í ṣí mọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ó ta Nuln Oil, ọ̀dà olómi dúdú, sínú kòtò tó wà láàárín ìhámọ́ra, ẹ ó fa Calgar Blue sí etí, ẹ ó sì fi Fenrisian Grey kan àwọn ṣóńṣó igun nìkan. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára búlúù ni bó ṣe ń dárí jini. Wúrà tí a ń kùn sí etí ìbòrí èjìká sábà máa ń yọ̀ kọjá ààyè rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kán Macragge Blue kan ti tó láti pa á rẹ́, ẹni tó bá gbé ère náà sún mọ́ ojú kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Etí èjìká yìí tún ní ìtumọ̀ tirẹ̀ láàárín Ultramarines: wúrà ni ti ìpín kejì, pupa ni ti ìkẹta, àwọ̀ ewé ni ti ìkẹrin. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ lè tipa bẹ́ẹ̀ yí i padà láìfọwọ́ kan búlúù rárá. Àwọ̀ ewé Dark Angels, tí Caliban Green ń bẹ̀rẹ̀, jẹ́ àbúrò búlúù nínú gbogbo ohun tí mo sọ yìí, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Pupa ní agbára tí búlúù kò ní. Ẹ tò wọ́n sórí tábìlì tí wọ́n kun ilẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀ àti eérú, kí ẹ sì rìn sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà: Blood Angels ni ojú yín yóò kọ́kọ́ rí. Àmọ́ owó tí a ń san fún ẹwà yìí wà lábẹ́ ọ̀dà. Mephiston Red lórí ọ̀dà ìpìlẹ̀ dúdú á dà bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ. Lórí funfun, á tàn yòò, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí búrọ́ọ̀ṣì kò dé á máa pe ojú. Èmi máa ń fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, pupa á sì gbóná láìjẹ́ pé ibi tí mo bá fò ń fi mí sùn. Ohun kejì ni pé a kì í po funfun mọ́ pupa láti mú etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí pé pínńkì ni yóò dà. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí a gba Evil Sunz Scarlet lọ sí Fire Dragon Bright, tí í ṣe àwọ̀ ọsàn, kí òjìji inú kòtò sì jẹ́ Agrax Earthshade aláwọ̀ ilẹ̀ dípò dúdú.

Bí a bá gbé méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wúrà ló fi ìyàtọ̀ tó pọ̀ jù hàn mí. Lára búlúù, wúrà á yọ kedere bí ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn ìyàwó. Lára pupa, ìbátan ni òun àti wúrà, wọ́n sì máa ń wọ inú ara wọn tí a bá jìnnà díẹ̀, nítorí náà fàdákà àti ìbọn dúdú ló bá pupa mu jù. Ẹni tí kò tíì kun ère rí kó mú búlúù. Ẹni tó ti kun ẹni mẹ́wàá tán, tó sì mọ bí a ṣe ń la ọ̀dà, pupa yóò san án padà dáadáa. Blood Angels tún ní àwọn ọmọ ogun kan tí wọ́n ń pè ní Death Company, tí ìhámọ́ra wọn jẹ́ dúdú pẹ̀lú àgbélébùú pupa tó dà bí X, èyí tó ń fún ọwọ́ ní ìsinmi nígbà tí pupa bá ti sú ẹni.

Ìyeyè àti funfun

Àwọn méjì tó le nìwọ̀nyí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń pa ère tì. Àwọn Imperial Fists mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí mo kùn, orí ọ̀dà ìpìlẹ̀ dúdú ni mo gbé wọn lé, nítorí pé agolo dúdú ni mo ní nílé. Ìyeyè ọ̀hún di àwọ̀ ewé, bí èèpo ọsàn tí kò tíì pọ́n. Mo kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, mo kùn ún lẹ́ẹ̀kẹta, nígbà tí yóò fi di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, àwọn ìṣó kéékèèké orí ìhámọ́ra ti rì, àṣíborí ti dà bí ẹyin tí wọ́n bó. Ó dùn mí gan-an. Inú ògidì ọtí isopropyl ni mo rì wọ́n sí, tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ wọ́n títí ike fi jáde, mo sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti yé. Èròjà tó ń fún ọ̀dà ìyeyè ní àwọ̀ kì í dí ìmọ́lẹ̀, a máa ń rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, ìyeyè tó bá sì pàdé dúdú, àwọ̀ ewé ni ojú wa máa rí. Lórí ọ̀dà ìpìlẹ̀ funfun, á mọ́, ṣùgbọ́n á tutù. Lórí pínńkì fẹ́ẹ́rẹ́, á gbóná bí pupa ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀, èyí ni mo sì yàn láti ìgbà náà. Averland Sunset ló yẹ kó kọ́kọ́ wọlé, nítorí pé àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ń jẹ́ kó bo nǹkan ju ìyeyè mìíràn lọ. Yriel Yellow á gorí rẹ̀, Flash Gitz Yellow á sì lọ sí etí. Nínú kòtò, ẹ lo Casandora Yellow tàbí ọ̀dà olómi aláwọ̀ ilẹ̀, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì ẹlẹ́nu ṣóńṣó tà á síbi tó yẹ. Ẹ má fi dúdú sí ibẹ̀ láéláé, á ba gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́ ní ìṣẹ́jú kan.

Ti funfun yàtọ̀. Àṣírí rẹ̀ ni pé a kì í fi funfun kun funfun. Bí ìhámọ́ra bá ti funfun báláú láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ tí a óò fi sí etí, ère náà á sì dà bí ẹfun tí wọ́n gbẹ́. Àwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́ bíi Grey Seer tàbí Ulthuan Grey ni kó gba gbogbo ara, kí ọ̀dà tí wọ́n ń pè ní White Scar, tí í ṣe ògidì funfun, sì jẹ́ ti etí àti orí èjìká nìkan. Òjìji rẹ̀ ló ń sọ irú funfun tó jẹ́. Bí ẹ bá fi búlúù díẹ̀ sí omi rẹ̀, á dà bí funfun òwúrọ̀ tí ìrì sẹ̀. Bí ẹ bá fi àwọ̀ ilẹ̀ sí i, á dà bí aṣọ funfun tó ti rin ìrìn àjò. White Scars jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun alùpùpù sáré káàkiri, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé èkejì ló yẹ wọ́n jù. Kí ẹ lẹ ère mọ́ orí ìdérí ìgò kí ẹ sì máa di ìdérí yẹn mú, nítorí pé òróró ọwọ́ máa ń hàn lára funfun lọ́nà tí kì í gbà hàn lára àwọ̀ mìíràn.

Tí mo bá ní láti yan ọ̀kan nínú méjèèjì, ìyeyè ni. Wàhálà ìyeyè wà ní ìbẹ̀rẹ̀: tí ọ̀dà ìpìlẹ̀ bá ti tọ́, tí àwọ̀ àkọ́kọ́ sì ti dúró, iṣẹ́ tó kù kò le ju ti pupa lọ. Wàhálà funfun kì í tán títí dé ojú ìkẹyìn. Pupa tí ẹ ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí èjìká White Scars lè ta sí orúnkún ère ní ọjọ́ tí ẹ rò pé iṣẹ́ ti parí, ìgbà mẹ́ta ni ẹ ó sì kun funfun lé e kó tó bò ó.

Dúdú

Ó yẹ kí n yọ dúdú gan-an kúrò nínú ìlérí tí mo ṣe fún ìdílé rẹ̀. Ó yá kùn ju gbogbo wọn lọ, nítorí pé ọ̀dà ìpìlẹ̀ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ kí ẹ tó mú búrọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ kò sí òjìji tó dú ju dúdú lọ, nítorí náà kòtò kò ní lè ran yín lọ́wọ́. Gbogbo ohun tí yóò fi ìhámọ́ra hàn wà nínú ìlà tí ẹ bá fà sí etí rẹ̀, ìlà yìí ló sì ń fi ọwọ́ ẹni hàn.

Ẹ jẹ́ kí a wo èjìká kan ṣoṣo. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kan Eshin Grey, ẹ nù ún díẹ̀ sára aṣọ, kí ẹ má sì lo ẹnu rẹ̀. Ìhà rẹ̀ ni kí ẹ fi lé etí èjìká náà ní ìdábùú, kí ẹ rọra fà á lọ bí ẹni ń nu ẹnu ife. Ike fúnra rẹ̀ ni yóò gba ọ̀dà náà. Ìlà náà kò gbọdọ̀ nípọn ju okùn òwú lọ. Lẹ́yìn náà, Dawnstone á lọ sí ṣóńṣó igun nìkan. Bí ìlà Eshin Grey bá nípọn, tí ẹ sì tún fa òmíràn láti tún un ṣe, ọmọ ogun eérú ni ẹ ó bá lọ́wọ́ yín, ohun tó sì máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ Black Templars nìyẹn. Ohun mìíràn tí a kì í rántí ni pé ìbòrí èjìká Black Templars jẹ́ funfun: ẹni tó sá fún funfun wá sọ́dọ̀ wọn yóò tún bá a níbẹ̀, lára ọ̀pọ̀ ọmọ ogun.

Citadel mú ọ̀dà Contrast jáde ní ọdún 2019, ó sì yí àwọn ìdájọ́ yìí padà díẹ̀. Ọ̀dà olómi ni, a ń kùn ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí ìpìlẹ̀ tó mọ́lẹ̀ bíi Wraithbone tàbí Grey Seer, á wọ́ lọ sínú kòtò fúnra rẹ̀, á sì fẹ́lẹ́ ní orí òkè. Ìyeyè ló jàǹfààní rẹ̀ jù, nítorí pé ohun tó jẹ́ àbùkù rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di iṣẹ́ rẹ̀. Lára búlúù, n kò fẹ́ràn rẹ̀: ibi pẹrẹsẹ ìhámọ́ra máa ń gba á ní àbàwọ́n àbàwọ́n, bí ògiri tí òjò rọ̀ sí.

Ojú ọmọ ogun tó ṣí àṣíborí

Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun tèmi ni mo máa ń kùn ní aláwọ̀ dúdú bí èmi àti àwọn ará ilé mi, mo sì gbà pé ojú yẹ kó wà nínú ìpinnu àwọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Rhinox Hide ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, Mournfang Brown á lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, imú àti iwájú orí, Skrag Brown díẹ̀ á sì kan ṣóńṣó imú àti egungun ojú. N kì í fi eérú tàbí funfun mú un mọ́lẹ̀, nítorí pé á dà bí ara tí ọyẹ́ mú tí a kò fi òróró pa.

Búlúù ló gbé irú ojú yìí yọ jù. Àwọ̀ ara wa, tí a bá fi ojú ọ̀dà wò ó, àwọ̀ ọsàn tó ṣókùnkùn ni, àwọ̀ ọsàn àti búlúù sì ń kojú ara wọn nínú òbìrìkìtì tí àwọn ayàwòrán fi ń to àwọ̀, nítorí náà ọ̀kan ń mú èkejì gbóná. Funfun náà dára púpọ̀. Lára pupa, ojú lè rì sínú ìhámọ́ra, ọrùn ìhámọ́ra tí a kùn ní dúdú tó nípọn díẹ̀ láàárín wọn ló ń gbà á là. Lára dúdú, ojú nìkan ni ohun tó gbóná, gbogbo ẹni tó bá wo ère náà yóò sì kọ́kọ́ wo ibẹ̀, nítorí náà ẹ fi ìpele kan kún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Salamanders, àwọn aláwọ̀ ewé, ní ara tó dú bí èédú àti ẹyinjú tó pọ́n bí iná. Ara inú ìtàn nìyẹn, kò yẹ kí a fi ṣe àwòkọ́ fún ojú ènìyàn.

Kí ẹ tó ra agolo

Ẹ mú ìbòrí èjìká márùn-ún tó ṣẹ́kù nínú páálí, wọ́n sábà máa ń ṣẹ́kù, kí ẹ sì kun ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan nínú àwọ̀ wọ̀nyí láti ìpìlẹ̀ dé etí. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ lò sílẹ̀. Ẹ tò wọ́n sábẹ́ iná tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà sórí tábìlì tí ẹ ti ń ta eré, kí ẹ sì jìnnà sí wọn ní mítà kan. Ẹ fi fóònù ya wọ́n, kí ẹ yọ gbogbo àwọ̀ inú fọ́tò náà kúrò kó di dúdú àti funfun. Èyí tí etí rẹ̀ bá pòórá nínú fọ́tò yẹn yóò pòórá lórí tábìlì pẹ̀lú, bó ti wù kó dán tó lábẹ́ iná.

Ojú ọjọ́ náà ní ohùn. Ní ìgbà òjò ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń mú kí fáníìṣì tí a fín di kùrukùru funfun lórí ère, dúdú àti búlúù ló sì ń fi í hàn jù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun fáníìṣì nígbà náà. Nígbà ọyẹ́, ọ̀dà á ti máa gbẹ kó tó dé ara ike, eruku á bá a débẹ̀, funfun àti ìyeyè á sì ní ìyẹ̀pẹ̀ lára. Ẹ dúró de òwúrọ̀ tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, tàbí kí ẹ fín in nínú páálí ńlá.

Pèpele ni kí ẹ yàn kẹ́yìn, ọ̀kan náà fún gbogbo ẹgbẹ́. Èmi máa ń fi ilẹ̀ pupa sí abẹ́ búlúù àti funfun, yanrìn tó mọ́lẹ̀ sí abẹ́ dúdú, òkúta aláwọ̀ eérú sí abẹ́ ìyeyè àti pupa, tí mo sì ń kun etí rẹ̀ yípo ní dúdú tí kò dán.